Kásẹ́ẹ̀tì Orin Bàbá Tíṣà

Ìdí búrẹ́dì ni obìnrin tó ń ta tíì tún gé fún mi láàárọ̀ yìí, bíi pé wọ́n kọ ọ́ mọ́ mi lórí. Ṣùgbọ́n ohun tó ń bí mi nínú gan-an, ọ̀rọ̀ kásẹ́ẹ̀tì ni.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa gba orin sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, n'Ìwó níbí. Fọ́ọ̀mù tú ni mo kàwé dé, ìwé náà ò sì bá mi délé. Orin tí mo kọ́kọ́ gbà sílẹ̀ láyé mi, ti Bàbá Tíṣà ni. Àwọn ló ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi wa, àwọn náà ló ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe orin tí à ń kọ. Ìyàwó wọn ló ń lé e. Orin mẹ́jọ la gbà lọ́jọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta la bẹ̀rẹ̀ èyí àkọ́kọ́, torí ewúrẹ́ kan tó ń bá wa gbè lójú fèrèsé.

Nígbà tá a ṣe tán, mo ṣẹ́ ike kékeré méjì tó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì. Tó o bá ti ṣẹ́ ẹ, ẹ̀rọ ò ní gbà kéèyàn gba nǹkan míì lé e.

"Ṣé o ò ní da ọ̀kan kọ fún mi ni?" Bàbá bi mí.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. Mo ti tì í pa."

Èmi ọ̀mọ̀ràn. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo gbé e fún.

Màmá, ìyàwó Bàbá, kú lọ́dún tó kọjá. Lánàá, Bàbá wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n ní àwọn fẹ́ gbọ́ ohùn ìyàwó àwọn. Mo ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Díákónì tó ń bá wọn tọ́jú ẹrù sì gbé kásẹ́ẹ̀tì náà dé. Mo yí i wẹ̀yìn: wọ́n ti ká bébà, wọ́n fi dí ihò méjèèjì tí mo ti ṣẹ́ ike, kí ẹ̀rọ lè tún gbà.

"Díákónì, kí lẹ gbà lé e?"

"Ìsìnkú ìyá mi. A ò rí kásẹ́ẹ̀tì òfìfo lọ́jọ́ yẹn."

"Ṣé ìyá yín ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀ ni?"

"Èmi ni mò ń sọ̀rọ̀."

Mo bú u débi pé àwọn aláṣọ òdìkejì dìde dúró. Mo rọra bú ara mi náà, nínú.

Mo fi í sínú ẹ̀rọ. Dùùrù dún. Ibi tó yẹ kí Màmá ti wọlé gan-an ni ohùn Díákónì ti bọ́ sí i: "Ẹni tó gbé mọ́tò dínà àwọn àlejò Ilé-Ogbó, ẹ jọ̀wọ́..." Kò sì dákẹ́ mọ́.

Mo nawọ́ kí n pa á. Bàbá gbá ọwọ́ mi dànù.

"Má pa á. Orin mẹ́jọ ni. Ẹnu á rẹ Díákónì kó tó sọ̀rọ̀ bo gbogbo ẹ̀."