Àlọ́ tí Ìyá Olóbì pa níwájú Baálẹ̀

Nígbà tí mo wà ní kékeré, obì ni mo kọ́kọ́ mọ̀ kí n tó mọ ábídí. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà sí apá Ìfọ̀ láyé ìgbà yẹn, ẹ ó rántí pé kò sí agboolé tí kì í rùn fún omi obì. Tí omi náà bá ti wọ ìka èèyàn, kò sí ọṣẹ tó lè bọ́ ọ. Bí a bá ń jẹun, ọwọ́ wa á dúdú bí ọwọ́ aláró, bẹ́ẹ̀ a ti fọ̀ ọ́ títí. Abúlé wa kò jìnnà sí Ìfọ̀. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ sọ́dọ̀ wa, a máa ń gbọ́ fèrè rélùwéè láti ibi tí a jókòó sí, àwọn ọmọkùnrin á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn bóyá Èkó ló ń lọ tàbí Abẹ́òkúta, bí ẹni pé àwọn ló ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ìyá tó bí bàbá mi ni gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Olóbì. Obìnrin kúkurú ni, kì í pariwo, ó sì mọ ìkúnlẹ̀ ju ẹnikẹ́ni tí mo tíì rí lọ. Gbogbo ẹni tí wọ́n ti bí sínú ẹbí ọkọ rẹ̀ kí ó tó wọlé ìyàwó, “ọkọ mi” ló ń pè wọ́n. Mo rí i tó kúnlẹ̀ kí ọkùnrin kan tí ewú orí rẹ̀ kò tó ìdajì tirẹ̀. A máa ń fi í rẹ́rìn-ín, á ní, “Ẹ máa rín in. Orúnkún mi ló wà nílẹ̀, ẹnu mi kò sí nílẹ̀.” A kò mọ ohun tó ń sọ nígbà náà.

Iṣẹ́ tiwa ni ká bó obì. Wọ́n á ti rẹ ẹ́ sínú omi títí awọ funfun ara rẹ̀ á fi rọ̀, àwa á wá máa fi ọwọ́ bó o, á máa yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́. Lẹ́yìn náà la ó ṣà á, pupa lọ́tọ̀, funfun lọ́tọ̀, ká yọ èyí tí kòkòrò ti wọ̀, ká fi ewé gbòdògì tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fi èékánná ha obì lára, ó gbé! Ìyá Olóbì kì í lu ọmọ. Ìka kan nílẹ̀, ẹsẹ̀ kan lókè, òun á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ bí ẹni tó ti gbàgbé wa. Ṣùgbọ́n bí a bá bó o dáadáa, ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà ń bọ̀ nìyẹn, àkàrà tí epo rẹ̀ ṣì ń hó létí. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn ewé tútù, itọ́ á sọ lẹ́nu mi.

Tó bá di ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n bá ti kírun tán, àlọ́ yá nìyẹn. Àwọn ìyá àgbà yòókù, Ìjàpá ni wọ́n mọ̀. Tiwa kò ka Ìjàpá sí. Ọba ló máa ń wà nínú àlọ́ tirẹ̀. Ọba kan wà tó ní òun gbọ́dọ̀ tọ́ gbogbo ìkòkò ọbẹ̀ ìlú wò kí onílé tó jẹun. Ọbẹ̀ ń tutù, ebi ń pa ọmọ, ikùn ọba ń wú, títí kò fi lè gba ẹnu ọ̀nà ààfin jáde mọ́. Òmíràn sì wà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀: ó ń ṣọ́ odi ìlú, ó ń parí ìjà, tó bá sì ti ṣe ìyẹn tán, á lọ sùn. Ìyá Olóbì fẹ́ràn ọba yìí gan-an. Á ní, “Ó sùn, àwa náà sì ríbi ṣiṣẹ́ wa.” Àwa rò pé eré ni.

Ó wá di ọjọ́ kan, akéde lu agogo yí abúlé ká. Ó ní Baálẹ̀ kí wa. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta obì fún àlejò mọ́, kò sì gbọdọ̀ gbé e lọ tà ní Ìfọ̀. Bùràímọ̀, ọkọ ọmọ Baálẹ̀, ni yóò máa ra obì gbogbo abúlé, iye tó bá wù ú ni yóò sì san. Ẹni tó bá tàpá sí i, wọn á gbẹ́sẹ̀ lé obì rẹ̀.

Ẹ má rò pé èèyàn burúkú ni Baálẹ̀ o. Àwọn oníṣòwò kan ti fi òṣùwọ̀n èké rẹ́ àwọn ará wa jẹ, Bùràímọ̀ ló sì lọ sọ sí i létí pé bí rírà bá wà lọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo, ìrẹ́jẹ á tán. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ta ni kò fẹ́ kí ìrẹ́jẹ tán?

Ṣùgbọ́n nílé wa, ṣe ló dà bí ìgbà tí òkú sùn. Àwọn apẹ̀rẹ̀ obì Ìyá Olóbì ti wà ní títò, wọ́n ń retí Mọ́làmù Gàrúbà, ọkùnrin Haúsá tó máa ń wọ rélùwéè wá láti Òkè Ọya. Òun ló ti ń ra obì lọ́wọ́ ìyá àgbà kí wọ́n tó bí mi, wọn kò sì jà rí. Obì yẹn ló ń bọ́ wa, òun ló ń ra ìwé ilé-ìwé mi, òun ló sọ Ìyá Olóbì di Ìyá Olóbì. Bí Bùràímọ̀ bá gbà á ní iye tó wù ú, kò ní pẹ́ tí ìyá àgbà á fi di ẹni tó ń bá Bùràímọ̀ bó obì gba owó iṣẹ́. Mo gbọ́ tí ìyá mi sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá mi, oorun kò sì kùn mí mọ́.

Kò pẹ́ tí Baálẹ̀ fi pe gbogbo wa jọ sí abẹ́ igi odán iwájú ilé rẹ̀, kó lè tẹ òfin náà mọ́ wa létí. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ta. Baálẹ̀ jókòó lórí àga, Bùràímọ̀ dúró tì í pẹ̀lú agbádá tuntun. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n ti ń fọ́nnu nílé, “Màá sọ fún un! Màá sọ ọ́!”, ni gbogbo wọn ń wo ilẹ̀. Ìgbà tí Baálẹ̀ béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ sọ, Ìyá Olóbì dìde láàárín àwọn obìnrin, ó rìn lọ síwájú, ó kúnlẹ̀.

“Ọkọ mi,” ló wí, “ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ pàlọ́ kan.”

“Àlọ́ kẹ̀?” ni Baálẹ̀ wí. “Lọ́sàn-án gangan? Ìyàwó, ṣé o ò mọ̀ pé èèwọ̀ ni?”

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní ẹni tó bá pàlọ́ lọ́sàn-án, ìyá rẹ̀ á sọnù. Kò sí ọmọ tí wọn kò fi ọ̀rọ̀ yẹn dẹ́rù bà ní gbogbo ilẹ̀ wa.

“Ìyá tèmi ti kú tipẹ́, ọkọ mi,” ni Ìyá Olóbì dá a lóhùn. “Kò sí ohun tó kù tó lè sọnù mọ́ mi lọ́wọ́ àfi obì mi.”

Àwọn kan pa ẹ̀rín mọ́nú. Baálẹ̀ náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wúkọ́. Ó ní kó máa pa á.

“Ààlọ́ o!” ni Ìyá Olóbì ké.

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Àwọn tí ìyá wọn wà láyé ń bẹ̀rù, àwọn tí ìyá wọn ti kú sì ń wojú Bùràímọ̀. Ó tún ké e: “Ààlọ́ o!” Ojú rẹ̀ wá bọ́ sára mi níbi tí mo jókòó sí. Èsì náà wà lẹ́nu mi bí orúkọ mi, ṣùgbọ́n ìyá mi rèé, ó jókòó níbẹ̀ láàyè, ó fi gèlè búlúù wé orí. Bí mo bá dáhùn tí ó sọnù ńkọ́? Mo wojú rẹ̀, omijé ti lé ròrò sí mi lójú. Ìyá mi sì sọ ọ́ sókè, gbogbo èèyàn gbọ́ ọ: “Sikírá, dá ìyá lóhùn.”

“Ààlọ̀!” ni mo ké. Háà! Ohùn mi dún ju bí mo ṣe rò lọ.

“Àlọ́ mi dá fìrìgbágbòó, ó dá lórí ọba kan àti iná.” Ẹ ó rántí pé láyé yẹn, bí iná ẹni bá kú, ilé kejì la ti ń lọ fọnná. Iṣáná wà, ṣùgbọ́n ta ni yóò fi iṣáná ṣòfò? Ọba inú àlọ́ rí i pé iná jó ilé ẹnìkan, ó bínú, ó ní kí gbogbo ìlú pa iná ilé wọn. Ààfin nìkan ni iná yóò wà, ẹni tó bá fẹ́ dáná á wá rà á níbẹ̀. Ìyá Olóbì wá gbé orin tó máa ń kọ fún wa bí a bá ń bó obì:

“Ọba pa iná ilé mi,
Iná ń kú lọ.
Ọba pa iná ilé rẹ,
Iná ń kú lọ.
Níbo la ó ti fọnná bí tọba bá kú?
Iná ń kú lọ.”

Èmi nìkan ni mo kọ́kọ́ gbè é. Ohùn ìyá mi dara pọ̀ mọ́ tèmi. Lẹ́yìn náà ni àwọn obìnrin gbà á, àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń wo ilẹ̀ gbórí sókè, akéde tó lu agogo òfin náà pàápàá ń gbè é! Orí mi wú. N kò mọ̀ pé orin tí a fi ń bó obì lè tóbi tó bẹ́ẹ̀.

Òjò ńlá wá rọ̀ nínú àlọ́ náà, iná ààfin kú, kò sì sí ẹyọ ògúnná kan ní gbogbo ìlú. Ọmọ ń gbọ̀n, iṣu wà ní tútù, otútù ń pa ọba fúnra rẹ̀. Wọ́n wá a títí, ọ̀dọ̀ arúgbó kan létí igbó ni wọ́n ti rí iná tó fi eérú bò mọ́lẹ̀. Ọba fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ síbẹ̀. Arúgbó náà kò bú u. Ó ní, “Kábíyèsí, ẹ gba ògúnná. Bí iná bá wà nílé gbogbo wa, tiyín kò lè kú pátápátá, a ó ríbi fọnná fún yín. Ẹni tó bá fẹ́ ti iná bọ ilé ẹlòmíràn, ẹ bá wa mú un, iṣẹ́ yín nìyẹn. Ọbẹ̀ sísè, ẹ fi sílẹ̀ fún wa.” Ìyá Olóbì wá ní, “Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ro.”

Ó sì fọwọ́ lu ẹnu rẹ̀, pó, pó, pó.

Baálẹ̀ tẹ̀ síwájú lórí àga rẹ̀. Ó ní, “Ìyàwó, ṣé èmi ni ọba yẹn?”

“Ọkọ mi, àlọ́ lásán ni o. N kò bá ọba náà pàdé rí.”

Gbogbo abẹ́ igi odán bú sẹ́rìn-ín. Bùràímọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti sọ nǹkan sí Baálẹ̀ létí, Baálẹ̀ gbọ́wọ́ sókè, ó ní kó dúró ná. Ó wá sọ pé kí oníkálukú máa ta obì rẹ̀ fún ẹni tó bá wù ú. Ó ní òṣùwọ̀n kan yóò wà níwájú ilé òun, ẹni tí wọ́n bá fẹ́ rẹ́ jẹ kó gbé obì rẹ̀ wá wọ̀n níbẹ̀, bí ìjà bá sì ṣẹlẹ̀, òun á parí rẹ̀. “Ó tó bẹ́ẹ̀ fún mi,” ló wí.

Mo ti rí òkun ní Èkó, mo ti wọ ọkọ̀ òfuurufú, kò sí èyí tó yà mí lẹ́nu tó ọjọ́ yẹn: obìnrin wà lórí ìkúnlẹ̀, ọkùnrin tó wà lórí àga sì yí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ padà, kò sì sí ẹni tó bú ẹnìkejì.

Mọ́làmù Gàrúbà dé, ó ra obì rẹ̀. Bùràímọ̀ náà ń ra obì bí àwọn yòókù, nígbà tó sì rí i pé kò sẹ́ni tó ń tà fún òun, ó fi owó kún un. Ìyá Olóbì máa ń tà fún un bí owó tirẹ̀ bá dára jù, ó sì ń pè é ní ọkọ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọmọ ilé ọkọ rẹ̀! Èmi ní tèmi, ẹ̀rù kò tíì tán lára mi. Ṣe ni mo di aṣọ ìyá mi mú, mo tẹ̀ lé e lọ sódò, mo tẹ̀ lé e lọ sí ṣáláńgá, títí ó fi pariwo mọ́ mi. Mo bi í léèrè bóyá ẹ̀rù kò bà á ni. Ó ní, “Ó bà mí, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n kí ìyá wà nílé, kó má lè ta obì tó fọwọ́ ara rẹ̀ bó, sísọnù wo ló tún kù?”

Ayé ti yí padà. Ilé ti gba ilẹ̀ tí igi obì wà, ọmọ tó mọ gbòdògì kò sí mọ́, inú fóònù sì ni wọ́n ti ń gbọ́ ìtàn wọn. N kò ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀, ilé-ìwé wọn dára ju tiwa lọ. Lọ́jọ́ kan, ọmọ ọmọ mi ń ka ìwé rẹ̀ sókè nínú yàrá mi. Ìjọba ló ń ṣe ọ̀nà, ìjọba ló ń kọ́ ilé-ìwé, ìjọba ló ń gba owó orí. Ó kà á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò ṣì í. Mo yìn ín. Mo wá bi í pé, “Kí ni ìjọba kò gbọdọ̀ ṣe?”

Ó ṣí ìwé náà síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn. Ó wò mí. “Màmá, wọn ò tíì kọ́ wa débẹ̀.”

Mo ní kó pa ìwé náà dé, kó wá jókòó.