Elétí-ọfẹ àti Ẹ̀rọ Tó Ń Kan Abọ́

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Elétí-ọfẹ fi jókòó sídìí tábìlì kan náà nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi amọ̀ ṣe abọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ náà, wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni, àmọ́ òótọ́ ni. Bí abọ́ bá ti inú iná jáde tó sì tutù, á gbé e lé orí ìka mẹ́ta, á fi oríkèé ìka kàn án lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó dáa á dún kíín, èyí tó bá ti sán nínú á dún kẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbé rọ́bọ́ọ̀tì wọlé, tí wọ́n ní òun náà á máa kan abọ́, ńṣe ni bàbá rẹ́rìn-ín.

"Irin fẹ́ gbọ́ ohun tí amọ̀ ń sọ? Ẹ kú àlá o!"

Ẹ̀rù ń bà á ṣá. Ẹni tó ku ọdún méjì kó fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ wo ló tún fẹ́ lọ kọ́?

Máníjà ní kí wọ́n dán àwọn méjèèjì wò fún ọ̀sẹ̀ kan. Abọ́ tí bàbá bá kàn, rọ́bọ́ọ̀tì á tún un kàn. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, enjiníà tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà, ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, to abọ́ mẹ́rìnlá sórí tábìlì. Bàbá ti ní wọ́n dáa. Rọ́bọ́ọ̀tì ní wọ́n ti sán.

"Ẹ má bínú, bàbá," ọmọbìnrin náà wí. "Ẹ̀rọ yìí ò tíì mọṣẹ́. A máa dá a padà."

"Mo ṣáà ti sọ," ni máníjà fèsì. "Ta ló tó bá bàbá du iṣẹ́ yìí?"

Kò ju kí Elétí-ọfẹ dákẹ́, kó máa lọ sílé. Àmọ́ ó mú abọ́ kan, ó kàn án sí etí ọ̀tún. Bí ẹni pé ó dáa ni. Ó gbé e sí etí òsì. Kò gbọ́ nǹkan kan.

Ó ti lé lọ́dún kan tí ìyàwó rẹ̀ ti ń pè é lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dáhùn. Á ní òun ń ronú ni. Ìyàwó á ní, "Ìrònú kí ló pọ̀ tó yìí? Àbí ẹ̀yin lẹ ń ṣèjọba ni?" Wọ́n ní bí irọ́ lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń lé e bá. Tirẹ̀ ò tiẹ̀ tó ọdún méjì.

Omi gbígbóná ni àwọn àgbà ibi iṣẹ́ náà fi ń parí àríyànjiyàn lórí abọ́ láyé àtijọ́: èyí tó bá ti sán á là. Bàbá ní kí wọ́n gbé kẹ́tùlù tíì wá. Ó da omi sínú abọ́ náà, abọ́ là sí méjì, omi ṣàn dé bàtà máníjà. Ó mú òmíràn, òun náà là. Nígbà tí ìkarùn-ún là, máníjà ní ó tó.

"Ẹ̀rọ yín gbọ́," ni bàbá wí. "Èmi ni mi ò gbọ́ mọ́. Àwọn abọ́ yìí ì bá là mọ́ ẹni ẹlẹ́ni lọ́wọ́."

Ó dùn ún wọ eegun. Láti ọjọ́ Ajé, rọ́bọ́ọ̀tì ni yóò máa ṣe iṣẹ́ náà.

Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ kẹ̀yìn sí i nídìí iná. Kò mọ̀ bóyá ó ń sọ̀rọ̀ tàbí kò sọ̀rọ̀. Ó yí lọ síwájú rẹ̀.

"Ìyá wọn, etí mi ti lọ. Gbogbo ohun tí o ti ń bá mi sọ láti èṣí, jọ̀ọ́, tún un sọ."

 Obìnrin náà pa iná, ó fa àga wá sí ẹ̀gbẹ́ etí ọ̀tún rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀.