Ẹni Tó Kú Lórí Àga Òkú

Ọkọ àbúrò mi kú lọ́sàn-án gangan, lórí àga kan níbi iṣẹ́ rẹ̀, níṣojú èèyàn mẹ́fà tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe pé wọ́n sá lọ. Kì í ṣe pé wọn ò rí i. Wọ́n jókòó yí i ká, wọ́n ń gé páálí, wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù lẹ káàdì, ara wọn sì yá gágá. Nígbà tó pè wọ́n, wọn ò dá a lóhùn. Nígbà tí orí rẹ̀ ṣubú sórí tábìlì, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un pé ó mọ eré í ṣe.

Ẹ má tíì pariwo. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní irọ́ ni mò ń pa. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀.

Alófin la máa ń pè é nínú ẹbí wa, nítorí òfin eré ló ń kọ. Àwọn eré orí tábìlì tí ẹ ń rà fún àwọn ọmọ, tí pátákó àti káàdì àti dáìsì máa ń wà nínú wọn, ilé iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ń ṣe wọ́n lọ́dọ̀ wa ló ń bá ṣiṣẹ́. Kò tíì sí ẹlòmíràn tó ń ṣe irú ẹ̀ nígbà náà. Yàrá kan ni gbogbo ilé iṣẹ́ ọ̀hún, lókè ṣọ́ọ̀bù atúnkẹ̀kẹ́ṣe, òórùn gọ́ọ̀mù á pàdé yín láti orí àtẹ̀gùn. Ìwé pélébé tó ń sọ ẹni tó máa kọ́kọ́ ju dáìsì àti ohun tí ẹni tó bá fìdí rẹmi máa ṣe, òun ló ń kọ ọ́.

Bó bá ti kọ òfin tuntun tán, ìyá wa ló máa ń kọ́kọ́ gbé e wá fún pé kí àwọn jọ ta á wò. Ìyá wa ńkọ́? Kí n má parọ́ mọ́ ìyá tó bí mi, ojóró wọn ò kéré rárá. Lọ́jọ́ kan, wọ́n jókòó lé ọmọ ayò méjì, wọ́n wá ń wo ojú àna wọn bí ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ó kúkú rí wọn. Ó ní, "Màmá, ẹ ti nà mí lónìí o!" Ó dọ̀bálẹ̀, ó lọ sílé. Nígbà tí eré náà jáde, òfin kan wà nínú rẹ̀: ẹni tó bá jókòó lé ọmọ ayò, kó dìde, kó rẹ́rìn-ín, kí eré máa lọ. Ẹ lọ wo páálí tó wà nílé yín. Ìyá mi ni wọ́n ń bá wí níbẹ̀! Irú ọkùnrin tó jẹ́ nìyẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni òfin, ṣùgbọ́n kì í fi òfin dójú ti ẹnikẹ́ni.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá Eléré ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà sì ń dùn mọ́ ọn. Ó mọ ẹ̀rín í rín, ó mọ ìtàn í sọ, àwọn oníròyìn ò sì jẹ́ kó sinmi. Wọ́n á ya àwòrán rẹ̀ láàárín àwọn páálí aláwọ̀ mèremère, á ní, "Níbí, a kì í ṣiṣẹ́. Eré là ń ṣe." Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á gbé e jáde gàdàgbà gadagba. Kò sí ìkankan nínú wọn tó béèrè pé kí ló dé tí àwọn tó ń fi ojoojúmọ́ ṣeré fi rù hangogo bẹ́ẹ̀.

Òótọ́ ló kúkú sọ. Eré ni gbogbo nǹkan níbẹ̀. Ara rẹ ò yá, o fẹ́ lọ sílé? Wá ju dáìsì. Òjò ń gba ojú fèrèsé wọlé sí ọ lẹ́yìn, o fẹ́ kí wọ́n tún un ṣe? Wá ju dáìsì. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí oyún rẹ̀ ti wúwo, tó ní ẹ̀yìn ń dun òun, kí wọ́n fún òun ní àga tó ṣe é fẹ̀yìn tì. Ọ̀gá gbé dáìsì lé e lọ́wọ́. Ó fìdí rẹmi, orí àpótí ló sì wà títí tó fi lọ bímọ. Ṣé ẹ rí ọgbọ́n inú rẹ̀? Kò sẹ́ni tó fi nǹkan du aboyún. Ó ta ayò, kò jẹ ni. Ọ̀gá ò ṣẹ ẹnikẹ́ni rí láyé rẹ̀, dáìsì ló máa ń ṣẹ̀ wọ́n.

Bí eré bí eré, àlàbọrùn ń di ẹ̀wù. Báyìí ni wọ́n ṣe dé orí àga òkú.

Àga pupa kan ni, lẹ́bàá fèrèsé tí òjò ń gbà wọlé. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á dán eré tuntun wò, ẹni tó bá ṣe ìkẹyìn, òun ni òkú fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Òkú á wá síbi iṣẹ́, á jókòó sórí àga pupa, á ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Wọn ò gbọdọ̀ kí i. Bó bá kí wọn, wọn ò gbọdọ̀ jẹ́ ẹ. Bó bá tọrọ sísọ́ọ̀sì, kí wọ́n máa wo àjà. Ẹni tó bá ṣèèṣì dá òkú lóhùn, òun ló máa gba àga náà, òkú á sì jí. Òkú náà á wá máa wá gbogbo ọ̀nà láti tan àwọn alààyè. Á ní ilé ń jó. Á ní ọmọ òun ń sunkún nísàlẹ̀. Á dákú. Ọ̀gá ní ó ń kọ́ wọn láti dúró lórí òfin. Ẹ gbọ́ mi o, àwọn àgbà tó ní ọkọ, tó ní aya nílé ni mò ń sọ̀rọ̀ wọn yìí!

Alófin nìkan ló lọ bá a. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká gbé àga yìí kúrò. Bí nǹkan bá ṣe ẹnì kan níbẹ̀ ní tòótọ́, báwo la ṣe máa mọ̀?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Alófin, wá ká ta á. Bó o bá borí, mo fi àga dáná. Bí mo bá borí, ìwọ lo máa jókòó lé e."

Kí ni ọkùnrin yẹn ì bá ṣe? Ó ta á, nítorí pé kò sí ọ̀nà míì tí wọ́n fi ń gba ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀gá ló borí.

Ayàwòrán tó ń ya àwòrán sára káàdì wọn ló wá bá àbúrò mi lẹ́yìn ìsìnkú. Ó kúnlẹ̀ sí àárín pálọ̀, ó sì tú iṣu dé ìsàlẹ̀ ìkòkò. Mo wà níbẹ̀.

"Àǹtí mi, ó di àyà mú. Ó ní, 'Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bù mí lómi.' Ẹnì kan ní, 'Òùngbẹ ń gbẹ òkú o!' Ẹ̀rín pa gbogbo wa. Ó wá wò mí lójú. Mo gbé ife, mo tún gbé e sílẹ̀. Orí àga yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti kúrò, àǹtí mi, mi ò fẹ́ padà síbẹ̀. Mo bá sá jáde lọ sórí àtẹ̀gùn. Nígbà tí mo máa yọjú padà, ó di ọ̀gá lápá mú, ó ń bá a sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Mi ò gbọ́ ohun tó sọ. Ìgbà yẹn lorí ẹ̀ ṣubú, tí wọ́n pàtẹ́wọ́."

Wọ́n ṣíwọ́ iṣẹ́, wọ́n pa iná, wọ́n lọ sílé. Wọ́n fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ìyá tó ń gbálẹ̀ ni kò mọ òfin wọn, òun ló fọwọ́ kàn án.

Àbí ẹ rò pé ojú ti ọ̀gá? Ẹ̀ẹ̀! Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ níbi sàréè. Ó fa aṣọ pélébé yọ, ó nu ojú tí kò tutù. Ó ní, "Alófin ò ráhùn. Ó kú wẹ́rẹ́, kò sọ nǹkan kan." Kò sọ nǹkan kan! Ọkùnrin tó di ọ́ lápá mú! Àwọn kan tún ń ṣe àmín.

Láti ìgbà tí ayàwòrán ti sọ̀rọ̀ yẹn ni àbúrò mi ò ti ní ìbéèrè míì láyé ju ẹyọ kan lọ. Kí ni ọkọ òun sọ? Ó lọ bá àwọn tí ìjọba ní kí wọ́n máa bẹ ilé iṣẹ́ wò. Wọ́n ní àwọn ti débẹ̀, ibẹ̀ dáa, inú àwọn òṣìṣẹ́ ń dùn. Eré tí ọ̀gá fi ta wọ́n lọ́rẹ wà lórí tábìlì wọn, wọn ò tíì tú ọ̀rá rẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùbẹ̀wò! Ẹ kú ìtọ́jú ìlú!

Ó kù ká lọ fúnra wa. Mo tẹ̀ lé e. A gun àtẹ̀gùn, a wọlé. Ẹ mọ ẹni tó wà lórí àga pupa? Ayàwòrán. Wọ́n ní ó dá òkú lóhùn, nítorí pé ó lọ bá ìyàwó òkú sọ̀rọ̀.

Àbúrò mi kúnlẹ̀ fún ọkùnrin yẹn. Mo ní kó dìde, kò dìde. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà. Mi ò bá yín jà. Ohun tó sọ fún yín nìkan ni mo fẹ́ gbọ́."

Ọ̀gá wò ó. Ó fa dúrọ́ọ̀ yọ, ó sì kó dáìsì méjì sórí tábìlì. "Ìyàwó wa, ẹni tó bá wọ ibí, òfin ibí ló ń bá a wí. Ẹ ju tiyín. Bẹ́ ẹ bá borí, màá sọ ọ́ fún yín pátá."

Mo ní, "Má dán an wò! Dìde ká máa lọ!" Ó ti kó o. Obìnrin tí kò fẹ́ràn ayò rí, tó máa ń bá ọkọ rẹ̀ jà pé ó ń kó páálí kún yàrá, ó pa ojú dé, ó ju dáìsì fún ohùn ọkọ rẹ̀. Ẹyọ kan àti èjì. Ọ̀gá ju tirẹ̀ láìwò ó. Ó borí.

"Ó mà ṣe o," ni ó wí, ó sì kó dáìsì padà sínú dúrọ́ọ̀.

Àbúrò mi yíjú sí àwọn yòókù. "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ta ló gbọ́ ọ nínú yín? Ẹ ṣàánú mi." Gbogbo wọn gbójú sókè, wọ́n ń wo àjà. Omi ń dà lójú ọ̀kan nínú wọn, ṣùgbọ́n kò ya ẹnu. A sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ̀yin ọlọ́pàá, ẹ̀yin adájọ́, ẹ ò ní lè sọ pé ẹ ò gbọ́. Mi ò ní kí ẹ ṣàánú wa. Mo ní kí ẹ gbé ọkùnrin yẹn jókòó níbi tí kò ti ní dáìsì lọ́wọ́, kí ẹ bi í léèrè ní gbangba ohun tó rí, ohun tó gbọ́, àti ìdí tí kò fi dìde. Láàárọ̀ yìí, àbúrò mi tún kan ilẹ̀kùn mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bóyá orúkọ mi ló pè. Àbí bóyá ó ní kí wọ́n wá pè mí ni?" Mi ò mọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ lórí ilẹ̀ ayé, ó wà lókè ṣọ́ọ̀bù atúnkẹ̀kẹ́ṣe báyìí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ lọ mú un.