Ìwé Àṣẹ Tó Kúrò Lápò Mi

Lásìkò tí Warri ń gbóná, bí wọ́n bá ti kéde kónílé-ó-gbélé, tí adìẹ pàápàá ò gbọdọ̀ sọdá títì, èmi nìkan ni mo ń rìn nínú gbogbo òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ wa. Ìwé àṣẹ kan ṣoṣo ni ọ̀gá rí gbà lọ́dọ̀ àwọn sọ́jà, ọwọ́ mi ló sì fi í sí. Bí mo bá dé ibi àyẹ̀wò ní Okere, sọ́jà á wo ìwé náà, á wo ojú mi, á ní, "Network man, pass." Ìyá mi, Ìjẹ̀bú tó ti ń ta aṣọ ní Okere kó tó bí mi, ò yé ròyìn rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì: ọmọ òun ni sọ́jà ń ṣí ọ̀nà fún.

Iṣẹ́ mi ò ju báyìí lọ. Ilé-iṣẹ́ wa ní Ajamimogha ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọ́fíìsì, orí rẹ̀ náà ni fóònù wọn ń gbà. Ọ̀nà méjì la ní: àwo sátẹ́láìtì orí òrùlé, àti rédíò orí òpó tó ń ju ọ̀rọ̀ sí òpó kejì ní Jeddo, tí ìyẹn á tún gbé e lọ sí Èkó. Bí rédíò bá ń wọ́, àwọn oníbàárà á pariwo, ọ̀gá á pè mí, n óò sì lọ fi ọwọ́ ara mi yí fóònù wọn sí sátẹ́láìtì. Wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ràn ọpẹ́ yẹn ju owó oṣù mi lọ.

Ìgbà náà ni ọmọbìnrin Ìlàjẹ kan gba iṣẹ́ sọ́dọ̀ wa, ọmọ apẹja, tí wọ́n bí sétí odò níbí. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, bọ̀dá ló ń pè mí. Kò pé oṣù kan tó fi jókòó ti rútà, ẹ̀rọ tó ń yan ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ máa gbà, tó kọ òfin sínú rẹ̀: kí ohùn fóònù gba rédíò, kí fáìlì ńlá gba sátẹ́láìtì, kí rútà máa pe ẹ̀rọ kan l'Ékòó níṣẹ̀ẹ́jú níṣẹ̀ẹ́jú, bí èsì bá pẹ́ tàbí tí kò dé, kó yí fóònù sí sátẹ́láìtì fúnra rẹ̀.

Mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ Èkó, nígbà tí òpó Jeddo wà nítòsí.

Ó rẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá, bàbá mi kì í wo omi ẹsẹ̀ èbúté kó tó wọkọ̀. Ẹni tó ń ti òkun bọ̀ ló máa ń bi."

Ọ̀rọ̀ yẹn dáa, ìyẹn gan-an ló bí mi nínú. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, kí ló dé tí irú rẹ̀ ò wá sí mi lọ́kàn? Lọ́sẹ̀ yẹn rédíò wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, oníbàárà kan ò sì mọ̀. Fóònù mi ò dún. Ọ̀gá wá na ọwọ́ sí mi: "My brother, bring that pass. Make she hold am. Na she sabi the thing now." Mo ń rẹ́rìn-ín bí mo ti ń fà á yọ lápò, ìlara sì ń jó mi nínú. Nígbà tí ìyá mi bèèrè ìwé náà nílé, mo ní ó wà ní ọ́fíìsì.

Lọ́jọ́ Ẹtì tí ọmọbìnrin náà jáde lọ ra oúnjẹ, mo wọ inú rútà, mo pa àdírẹ́sì ẹ̀rọ Èkó rẹ́, mo fi ti òpó Jeddo rọ́pò rẹ̀. Bí ọ̀nà bá bàjẹ́ lẹ́yìn Jeddo, Jeddo á ṣì máa dáhùn, rútà á gbà pé kò sí wàhálà, fóònù oníbàárà á sì kú. Wọ́n á tún wá mi. Mo rò pé mo gbọ́n.

Ọjọ́ Ajé ni ọ̀nà náà bàjẹ́, ọjọ́ tí ìbọn ń dún láti àárọ̀, tí wọ́n sì tún kéde kónílé-ó-gbélé. Ọ̀gá pè mí nílé lóòótọ́. "Phone don die for all the customers. I don send that girl go office. You sef, siddon for house, you no get pass."

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ìyá mi. Ìbọn ń dún lápá ibi tó máa gbà kọjá. Mo pe nọ́ńbà rẹ̀ títí, kò wọlé. Mo pe fóònù ọ́fíìsì, ìyẹn ò tilẹ̀ dún. Èmi ni mo pa á. Wọ́n ní ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Tèmi, ọmọ ọlọ́mọ ló ń tọ̀ lọ.

Ó lé ní wákàtí mẹ́ta kí fóònù mi tó dún.

"Bọ̀dá, mo ti dé ọ́fíìsì. Ó ti ń ṣiṣẹ́." Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Kí ló ṣe é?"

Rútà wa máa ń kọ orúkọ ẹni tó bá fọwọ́ kàn án sílẹ̀, àti aago tó fi kàn án. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìlara ni ò jẹ́ kí n rántí.

"Omi ẹsẹ̀ èbúté ló ń wò," ló wí. "Mo ti dá a padà sí Èkó. Ẹ bá mi kí màmá."

Nígbà tó yà sílé wa lọ́jọ́ kejì, tó kúnlẹ̀ kí mi, mo rí i pé orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti bó, níbi tó ti dojú bolẹ̀ sétí gọ́tà nítorí ìbọn. Kò sọ ohun tó rí nínú rútà fún ọ̀gá títí mo fi kúrò níbẹ̀.

Ó ti pẹ́. Mo ti kọ́ iṣẹ́ náà débi pé mo lè bá ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ díje. Ẹnu tó pa mọ́ yẹn ni mo ṣì ń jowú, nítorí ká ní èmi ni mo rí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, ǹ bá ti sọ kí ilẹ̀ tó ṣú.