Ẹ̀wù Alápò Tí Mo Mú Lọ Sílé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n fi kọ́ mi, nílé ìwé kan ní Accra níbí. Yorùbá tí mo ń kọ yìí, ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ni mo ti kọ́ ọ. N kì í fi kọ ju lẹ́tà kékeré lọ sí àwọn ẹbí wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí ẹ bá rí ibi tó wọ́, ẹ bá mi tún un ṣe lọ́kàn yín. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ náà. Ohun tí mi ò lè fi ẹnu sọ fún ìyá mi ni mò ń kọ síbí.

Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ ọ̀rọ̀ àti àwòrán sára ẹ̀wù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní Kokomlemle. Ẹ̀rọ kan á gé ọ̀rọ̀ náà sára rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, èmi á wá fi abẹ́rẹ́ yọ gbogbo rọ́bà tí a kò fẹ́ kúrò, kí ọ̀gá mi tó gbé e sórí ẹ̀wù, kó fi ẹ̀rọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Òdì ni lẹ́tà máa ń wà lọ́wọ́ mi, bí ìgbà tí èèyàn ń wo nǹkan nínú dígí. Iṣẹ́ mi kejì ni kí n gé àmì ọrùn ẹ̀wù kúrò. Ọjà Kantamanto ni a ti ń ra àwọn ẹ̀wù náà, nínú bélì òkìrìkà, ẹni tó sì ń tà wọ́n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ibi tí wọ́n ti wá.

Ẹni tó ń tà wọ́n yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, tó ń ṣe fídíò sórí fóònù. Èmi gan-an ti máa ń wò ó kó tó di oníbàárà wa. Ó máa ń dúró sínú kòtò ojú títì, omi á mù ún dé orúnkún, á gbé kànrìnkàn àti ọṣẹ lọ́wọ́, á ní òun ń wẹ̀ nínú odò tí ìjọba gbẹ́ fún òun. Mo máa ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú mi. "Ṣọ́jà mi" ló ń pe àwọn tó ń wò ó. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀wù fún àwọn ṣọ́jà náà, àsíá Gánà ló wà níwájú rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀wù àsíá kò tà mọ́, ó wá fi ọ̀rọ̀ líle sí àwọn ará Nàìjíríà kún un.

Ó sọ fún ọ̀gá mi níṣojú mi pé, "Ọ̀gá, bí mi ò bá mú wọn bínú, wọn ò ní ra nǹkan kan. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín á kàn rẹ́rìn-ín lọ ni. Ẹni tí inú ń bí ló máa ń wá aṣọ tó máa bá a sọ ọ́."

Ọ̀gá mi ní, "Ta ló wá ń bí ìwọ nínú?"

"Èmi? Kò sẹ́nì kankan o. Onílé mi gan-an, obìnrin Nàìjíríà ni. Ó máa ń bu ọbẹ̀ fún mi lọ́jọ́ Àìkú."

Ẹ̀wù tuntun tó ní ká ṣe lọ́jọ́ yẹn, dúdú ni. Wọ́n ya àpò ńlá kan sí àyà rẹ̀, àpò onílà búlúù àti pupa tí àwọn oníṣòwò fi ń kó ẹrù. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lábẹ́ àpò náà, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: Gánà kì í ṣe òtẹ́ẹ̀lì. Di ẹrù ẹ.

Nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé Alata ni mí, orúkọ tí wọ́n ń pe àwa ará Nàìjíríà níbí. Accra ni wọ́n bí mi sí, èdè Twi tí wọ́n ń sọ níbí sì yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Bí ìyá mi bá pè mí lórí fóònù, ìta ni mo máa ń lọ dá a lóhùn. Mo yọ rọ́bà ara gbogbo àpò yẹn tán.

Ẹ̀wù tí iná bá jó tàbí tí àwòrán rẹ̀ bá wọ́, àwa òṣìṣẹ́ la máa ń mú un lọ sílé. Àpò ara ọ̀kan wọ́ sí apá òsì. Mo mú un lọ fún ìyá mi, nítorí ọṣẹ ló ń tà, ọṣẹ sì ti ba gbogbo aṣọ ọjà rẹ̀ jẹ́. Mo mọ ohun tí wọ́n kọ sí i, mi ò ní purọ́. Mo fẹ́ fi abẹ́rẹ́ yọ ọ́ kúrò kí n tó fún un, ṣùgbọ́n oorun gbé mi lọ. Nígbà tí mo jí, ó ti rí i lórí àga, ó ti wọ̀ ọ́ lọ.

Ìyá mi kò mọ̀wé kà. Nígbà tó dé ní ìrọ̀lẹ́, ó ń na àyà ẹ̀wù náà síwájú fún mi. "Ẹ̀wù oníṣòwò rèé! Àpò mi gan-an ni wọ́n yà síbẹ̀."

Inú rẹ̀ dùn gan-an. Mo ní màá sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún un lọ́la. Ọ̀la náà dé, ó tún wọ̀ ọ́ lọ. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi wọ̀ ọ́.

Ní ọjọ́ kẹrin, ọ̀dọ́mọkùnrin náà wá sí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ẹ̀wù tí kò tíì tà kún ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó ń wo fóònù, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ wá wo màmá kan! Ẹnì kan ló yà á ránṣẹ́ sí mi. Mo gbé e jáde láàárọ̀, wọ́n ti ń gbàdúrà fún un."

Ó yí fóònù sí wa. Ìyá mi ni. Ó jókòó sẹ́yìn ọṣẹ rẹ̀, ó kọ ojú sí ibòmíràn, ẹ̀wù náà ló hàn jù, kò mọ̀ pé wọ́n ń ya òun.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí àwọn èèyàn kọ sábẹ́ àwòrán náà sókè. Àwọn àkọ́kọ́ dára. Ọlọ́run bù kún màmá wa. Màmá ṣọ́jà. Lẹ́yìn náà ó wá ń kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Ẹ dúró ná, mo mọ obìnrin yìí. Alata ni. Ọṣẹ ló ń tà, lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ trotro ní Circle." Òmíràn ní, "Ó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́." Òmíràn tún ní, "Kí ẹnì kan lọ bá a di ẹrù ẹ̀."

Abẹ́rẹ́ wọ ìka mi. Mo fi ìka náà sẹ́nu.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà pàtẹ́wọ́. "Ọ̀gá, ẹ kó àwọn tó kù jáde! Òní ni wọ́n máa tán. Mo fẹ́ lọ jẹun, lẹ́yìn náà màá lọ bá a níbẹ̀, kí gbogbo ṣọ́jà mi máa wò ó bó ṣe ń lọ."

Mo ní láti sọ nǹkan kan nípa ìyá ìyá mi. Ó wà lára àwọn Anago, àwa Yorùbá náà ni, tí wọ́n ní kí wọ́n kúrò ní Gánà láyé àtijọ́. Ọbẹ̀ wà lórí iná nígbà tó jáde nílé, oyún ìyá mi sì wà nínú rẹ̀. Ìyá mi padà wá sí Gánà nígbà tó di ọ̀dọ́, àtẹ ọṣẹ yẹn nìkan ló ní. Mo rí i lọ́kàn mi pé wọ́n ti dà á nù, tí ọṣẹ ń yí lọ sínú gọ́tà.

Mo sọ fún ọ̀gá mi pé inú ń run mí. Nínú trotro, obìnrin tó jókòó síwájú mi ń wo fóònù. Àwòrán ìyá mi kọjá lábẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò tiẹ̀ dúró.

Nígbà tí ìyá mi rí mi, ó ní, "Ọ̀sán gangan yìí? Wọ́n lé ẹ níṣẹ́ ni?"

"Màámi, ẹ bọ́ ẹ̀wù yẹn."

"Kí n bọ́ra láàárín ọjà? Ṣé orí ẹ pé?"

Mo sọ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ fún un, mo sì sọ ẹni tó ń bọ̀. Ó wo àyà ara rẹ̀.

"O mọ̀ láti ọjọ́ mẹ́rin?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

Obìnrin ẹ̀yà Ga tó ń ta tòmátì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, mo fi Twi sọ ọ́. Ó pa ọwọ́ pọ̀. "Èmi rò pé o mọ̀! Mo ní ojú Alata yìí mà le o, ó ń fi ẹnu ara ẹ̀ lé ara ẹ̀ lọ." Ṣùgbọ́n bó ṣe ń sọ ọ́, ó ti ń tú ìborùn rẹ̀, ó nà án bí kọ́tìnì. Ìyá mi bọ́ ẹ̀wù náà lẹ́yìn rẹ̀, ó wọ kádígàn tí mo bọ́ fún un. Ó ká ẹ̀wù dúdú náà sórí bẹ́ǹṣì, ó jókòó lé e.

Kò pẹ́ tí a gbọ́ ariwo. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ló ṣáájú, ó fi igi gbé fóònù sókè, àwọn mẹ́ta ń kó ẹ̀wù tẹ̀ lé e.

"Màmá ṣọ́jà dà?"

Onítòmátì dá a lóhùn. "Ẹlẹ́wù dúdú? Ó ti lọ sí Kumasi láàárọ̀. Ìwọ ra tòmátì."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó ń kọjá lọ. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sára mi.

"Áà! Ọmọ jẹ́jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù wa! Ẹ̀yin ṣọ́jà mi, ẹ wò ó, òun ló ń bá yín ṣe ẹ̀wù yín!" Ó yí fóònù sí mi. Ó wo ìyá mi, ó tún wò mí. Iwájú orí kan náà la ní, gbogbo èèyàn ló ń sọ ọ́. "Kí ni màmá yìí jẹ́ sí ẹ?"

Mo fi Twi sọ pé, "Mi ò mọ̀ ọ́n. Ọṣẹ ni mo wá rà."

Ọgbọ̀n ọdún ni ìyá mi ti ń gbọ́ Twi. Kò wò mí. Ó mú ọṣẹ kan, ó fi bébà wé e, ó na ọwọ́ sí mi. "Sídì márùn-ún, àǹtí," ó ní. Àǹtí ló pè mí, bó ṣe ń pe oníbàárà. Mo fún un ní mẹ́wàá. Bó ṣe ń wá ṣéńjì, owó kan já bọ́ sílẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó ṣà á, ó fi ọwọ́ méjèèjì mú un. "Màmá, owó yín rèé." Ìyá mi gbé ṣéńjì lé mi lọ́wọ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ní Twi, medaase.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bá tirẹ̀ lọ. Mo gbọ́ pé ó ta gbogbo ẹ̀wù náà kó tó dé ojú títì.

Nígbà tí a délé, ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà, kò gbé orí sókè. "Bó o ṣe sọ ọ́ yẹn ló dára," ó ní. "Kò sóhun mìíràn tó o lè sọ." Mo mọ̀ pé ó fẹ́ kí ara tù mí ni. Ẹ̀rù sì ń bà mí síbẹ̀. Èmi tí mo fi ọjọ́ mẹ́rin wá ọ̀rọ̀ tí màá sọ fún un, mi ò wá èyí tí mo sọ nípa rẹ̀. Ó ti wà lẹ́nu mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mi ò lọ sí Kokomlemle. Mo gbé àpò onílà búlúù àti pupa ti ìyá mi rù, mo tẹ̀ lé e lọ sọ́jà. Mò ń wo ọwọ́ gbogbo ẹni tó gbé fóònù dání. Nígbà tó to ọṣẹ rẹ̀ tán, mo yọ ọṣẹ tó tà fún mi jáde nínú bébà, mo gbé e padà sórí àwọn yòókù. Onítòmátì ti dé, àwọn tó ń wọ ọkọ̀ náà ti dúró.

"Màámi," mo ní, ní Yorùbá, mi ò sì rẹ ohùn sílẹ̀, "ẹ sún fún mi díẹ̀."

Ó sún. Mo jókòó tì í.