Lẹ́tà Méjì Tó Yọ Lójú Kọ̀ǹpútà Àlàó

Láàárọ̀ òní, mo wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń mu ògì, ni kọ̀ǹpútà Àdùkẹ́, ọmọ ọmọ mi, bá dún "pí" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìró kékeré ni, kò tó igbe òròmọdìyẹ. Mo gbé ife sílẹ̀, mo yọjú. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú, ìlà funfun ń sáré lọ sókè lórí rẹ̀, ọ̀kan ń lé ọ̀kan, bí ìjàlọ tó ń kó lọ. Mo rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà yíjú.

"Bàbá, kí ló pa yín lẹ́rìn-ín?"

Mo ní kò sí nǹkan kan. Ó ní irọ́ ni, pé èmi kì í rẹ́rìn-ín lásán. Ó ní kí n máa sọ ọ́, òun á máa tẹ̀ ẹ́. N ò mọ̀wé, n kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ ìró yẹn ti gbé mi padà sọ́dọ̀ Àlàó.

Agbolé kan náà ni Àlàó àti èmi ti dàgbà ní Àpòmù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi jù mí lọ, ó sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn rẹ́ mi jẹ títí ayé. Tí ẹran bá ku ẹyọ kan nínú àwo, á ní, "Ta ni ẹ̀gbọ́n nínú wa?" Oko kòkó àwọn bàbá wa wà lọ́nà Ìkòyí, àwọn márùn-ún ni wọ́n jọ ń ṣe àáró. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ àáró. Bí wọ́n bá ro oko bàbá mi lónìí, ti bàbá Àlàó ni lọ́la, ti ẹni kẹta ni lọ́tùn-únla, títí á fi kárí. Kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bá ọ ro tìẹ tán, tó o wá ní inú ń run ẹ́ nígbà tó kan tẹlòmíì, orúkọ ẹ á di ohun tí àwọn ọmọdé fi ń kọrin. Àwa ọmọdé la máa ń gbé omi àti iṣu sísun. Mo ṣì ń gbọ́ òórùn ewé kòkó tó tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ wa láàárọ̀ kùtùkùtù, mo sì ń gbọ́ ọkọ́ márùn-ún tó ń wọlẹ̀ pọ̀, bíi pé ẹnì kan ṣoṣo ló ni gbogbo ọwọ́ yẹn.

Bàbá Àlàó fi í sílé ìwé ìjọ. Bàbá mi ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà lóko. N ò bínú. Nígbà tó yá, mo lọ kọ́ṣẹ́ rédíò ní Ìkirè. Rédíò kì í béèrè ìwé lọ́wọ́ èèyàn, àwọ̀ ló ń béèrè. Wáyà pupa, wáyà dúdú, wáyà aláwọ̀ ewé, mo mọ̀ wọ́n bí ìyá ṣe ń mọ ẹkún ọmọ ẹ̀. Àlàó di tíṣà. Gbogbo ìgbà ló ń ní òun á kọ́ mi ní ABD, gbogbo ìgbà lèmi náà ń ní kó jẹ́ kí n tún rédíò ẹ̀ ṣe ná.

A ti ń hu ewú kí kọ̀ǹpútà tó dé. Àbúrò ìyàwó ẹ̀ kan ní Ìbàdàn ló fún un, ọ́fíìsì kan ló fẹ́ dà á nù. Ojú ẹ̀ tóbi bí orí màlúù, ọkùnrin méjì ló gbé e sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Ṣọ́ọ̀bù mi ní Àpòmù ni Àlàó gbé e sí, torí èmi ni mo ní jẹnẹrétọ̀ tí kì í húkọ́. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ tàn án, ó dún pí, ìlà funfun bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Mo ní, "Kí ló ń sọ?"

Ó ní, "Ó ń yẹ ara ẹ̀ wò. Ó ń wò ó bóyá ọwọ́ àti ẹsẹ̀ òun pé."

Ara mi yá gágá. Iye rédíò tí mo ti tú láyé mi, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bá mi yẹ ara ẹ̀ wò rí.

Àlàó ní ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀ ń jẹ́ Línúùsì. Ó ní kì í ṣe ti ẹnì kankan, pé àwọn èèyàn káàkiri ayé, tí wọn ò fojú kan ara wọn rí, ni wọ́n jọ ń ṣe é. Ẹni tó bá rí ibi tó bàjẹ́ á tún un ṣe, á sì fún àwọn yòókù lọ́fẹ̀ẹ́. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Mo ní, "Àáró ni." Àlàó wò mí títí. Ó ní, "Látọjọ́ tí mo ti ń ka ìwé ẹ̀, n ò rí i bẹ́ẹ̀." Mo ní, "Ìwọ tó o fẹ́ kọ́ mi ní ABD."

Ìyá mi ṣì wà láyé nígbà yẹn. Àwọn nìkan ló kù tí wọ́n mọ orúkọ gbogbo abà tó wà láàrin Àpòmù, Ìkòyí àti Ararọ̀mí-Òwu, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ dó, ẹni tó bá ta ṣe àáró, àti orin tí wọ́n ń kọ tí oòrùn bá ti mú. Lọ́sàn-án Sátidé, wọ́n á jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n á máa sọ ọ́, Àlàó á máa tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Tó bá ti ń fi ìka kan wá lẹ́tà kiri, ìyá mi á ní, "Tíṣà, ṣé o ti bá wa dé oko ni, àbí o ṣì ń wá bàtà nílé?" Èmi á wà lẹ́yìn wọn, màá máa jó wáyà mọ́ra, n ò ní sọ̀rọ̀. Ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e ni ìyá mi jáde láyé.

Gbogbo ohun tí wọ́n sọ, inú kọ̀ǹpútà ló wà, kò sí lórí ìwé kankan. Nígbà tí Àlàó rí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan gbà, ó ní òun á tẹ̀ ẹ́ jáde fún mi, kí àwọn ọmọ ìyá mi lè rí ohùn ìyá wọn kà. Àmọ́ Línúùsì inú kọ̀ǹpútà ti gbó ju ẹ̀rọ náà lọ, kò mọ̀ ọ́n. Àfi ká fi tuntun sí i. Ó gba síídì wá láti Ìbàdàn, ó jókòó tì í láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó parí, ó pa á, ó tún un tàn. Ó dún pí. Lẹ́tà méjì yọ ní igun òkè. Ó tán. Kò ṣe nǹkan kan mọ́.

Àlàó pa á, ó tún un tàn, bíi ìgbà mẹ́wàá. Òógùn bò ó. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Mo ti pa ìyá ẹ lẹ́ẹ̀kejì." Mo ní kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára.

Ìwé tó bá síídì wá sọ pé tí nǹkan bá bàjẹ́, ẹgbẹ́ àwọn tó ń lo Línúùsì wà, pé lẹ́tà kan ṣoṣo téèyàn bá kọ sí wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì á dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn. Kò sí íńtánẹ́ẹ̀tì ní Àpòmù nígbà yẹn, ó di Ìbàdàn. Àlàó lọ, ó kọ lẹ́tà. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni Àlàó. Ó kí wọn kú iṣẹ́, ó béèrè aya àti ọmọ, ó ròyìn bí òjò ṣe rọ̀ lọ́dọ̀ wa, ó ṣàdúrà kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n rí ogun àìsàn. Ìlà tó gbẹ̀yìn ló wá fi sọ pé kọ̀ǹpútà òun ò ṣí.

Lọ́sẹ̀ kejì, a jọ lọ wo ìdáhùn, torí mo fẹ́ ra ẹ̀yà rédíò. Ìdáhùn mẹ́ta ti dé. Ẹnì kan ní ọ̀rọ̀ náà ò yé òun. Ẹnì kan ń bínú, ó ní kí wọ́n yé da àdúrà sí òun lára. Ẹni kẹta, obìnrin kan tí ìdáhùn ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé láàárọ̀ yẹn, ní dáadáa ni ilé òun wà, àwọn ọmọ òun ti wọlé ẹ̀kọ́, òun dúpẹ́ tó béèrè. Ó wá ní kí ló hàn lójú kọ̀ǹpútà gan-an? Lẹ́tà mélòó? Kó tètè sọ, òun ṣì wà nídìí ẹ̀.

Àlàó dorí mú. "Lẹ́tà wo? Ojú mi ti ṣú lọ́jọ́ yẹn, n ò wò ó."

Kọ̀ǹpútà wà ní Àpòmù, àwa wà ní Ìbàdàn, obìnrin náà sì ń dúró. Mo ní kó fún mi ní bírò. Ó wò mí bí ìgbà tí ewúrẹ́ bá béèrè àga. Mo dojú páálí ẹ̀yà rédíò mi dé, mo ya ohun tí mo rí sí ẹ̀yìn ẹ̀: ọkọ́ kan tí wọ́n gbé dúró tí irin ẹ̀ wà nílẹ̀, àti ọ̀pá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Méjì péré.

"Ó dá ẹ lójú?"

"Kò sí ẹ̀kẹta."

Ó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Omi tí a rà, a ò tíì mu ún tán tí èsì fi dé. Àlàó kà á, ó dìde dúró láàrin gbogbo èèyàn. Obìnrin náà ní lẹ́tà mẹ́rin ló yẹ kó yọ. Tó bá jẹ́ méjì ló yọ, ohun tó wà nínú ẹ̀ ò sọnù. Ilé tuntun la kọ́, àmọ́ ẹni tó ń júwe ọ̀nà lẹ́nu ìloro ṣì ń júwe ilé àtijọ́. Ó ní ká fi dísíkẹ́ẹ̀tì kan, ike pẹlẹbẹ tí wọ́n ń kọ nǹkan kọ̀ǹpútà sí, wọlé, ká wá tẹ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kí ajúwe-ọ̀nà náà lè tún ọ̀nà mọ̀. A gba ohun tó yẹ sórí dísíkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Àyà ni Àlàó fi í sí títí a fi délé, bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù, ó wá ibi tó ga jù, ó gbé e lé e kí omi má kàn án, ó lọ fọwọ́. Ó dé, ó fi dísíkẹ́ẹ̀tì sínú kọ̀ǹpútà. Òfìfo. Kò sí nǹkan kan lórí ẹ̀ mọ́. Mo wo ibi tó ti gbé e. Sípíkà mọ́sáláṣí ni, tí wọ́n gbé wá fún mi láti tún ṣe, tó dojú bolẹ̀, tí mágnẹ́ẹ̀tì ìdí ẹ̀ ń fa ìṣó láti òkèèrè.

Mo ní, "Àlàó, orí mágnẹ́ẹ̀tì lo gbé e lé. Ó ti nù ún mọ́."

"Ta ló gbé mágnẹ́ẹ̀tì síbí?"

"Ṣọ́ọ̀bù rédíò ni."

A wo ara wa, a bú sẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tí a máa rẹ́rìn-ín látìgbà tí nǹkan náà ti bàjẹ́. Mo kó gbogbo sípíkà mi jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Ìyá tó ń ta epo lódìkejì béèrè bóyá mò ń kó lọ ni.

Ilẹ̀ mọ́, a tún forí lé Ìbàdàn. Nígbà tí à ń bọ̀, mọ́tò dúró ní Ìkirè, àwọn tó ń ta dòdò sáré bò wá, Àlàó ti ń na ọwọ́. Mo gbá ọwọ́ náà sílẹ̀. Mo ní epo ò gbọ́dọ̀ kan ìka ẹnikẹ́ni títí a ó fi délé. Gbogbo mọ́tò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní bàbá ahun. 

Àlàó fi dísíkẹ́ẹ̀tì sí i, ó kùn bí ológbò. Ó tẹ ohun tí obìnrin náà ní kó tẹ̀. Ó yọ ọ́, ó pa á, ó tún un tàn. Pí. Ọkọ́ yọ. Ọ̀pá yọ. Mo di etí tábìlì mú. Ọkọ́ kejì yọ. Lẹ́yìn ẹ̀, nǹkan róbótó kan yọ, bí ẹnu igbá. Mẹ́rin. Ìlà funfun bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Àlàó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun ti ṣòkòtò funfun ẹ̀. Èmi jáde lọ dúró sínú oòrùn, n ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ojú mi.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló tẹ ìwé náà jáde, ewé lórí ewé, ó sì ń kà á sí mi létí. Àwọn abà dé, àwọn ọkùnrin márùn-ún dé, orin dé. Ó tún ewé kan wò lẹ́ẹ̀kejì. Gbogbo ohun tó jáde lẹ́nu ìyá mi ló ti tẹ̀, títí kan èyí tí wọn ò fẹ́ kó tẹ̀. Ó wá rọra kà á: "Ọmọ mi tó jókòó sẹ́yìn yẹn, má rò pé kò sí níbí. Kì í sọ̀rọ̀ ni, àmọ́ kò sí ohun tí kì í rí."

Mo dìde, mo lọ bu epo sí jẹnẹrétọ̀. 

Ní ọjọ́ kẹta, mo ní, "Àlàó, wọ́n ti bá wa ro tiwa. Oko ta ló kàn?" Kò rẹ́rìn-ín. Ó lọ kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ obìnrin náà, pé a ti múra, ibo ni ká lọ? Obìnrin náà kọ́kọ́ kí wa, ó béèrè òjò. Ó wá ní kò sí ẹni pàtó; ẹnikẹ́ni tó bá béèrè ohun tí a mọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn dà wá láàmú. Àáró tí kò ní olóko! Gbogbo ìgbà tí Àlàó bá ti dé Ìbàdàn ló ń wá oko kiri nínú lẹ́tà àwọn èèyàn. Ó pẹ́ gan-an. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, láti ìta ni mo ti gbóhùn ẹ̀: "Oko ti yọ!" Ọkùnrin kan ní ilẹ̀ òkèèrè ni, lẹ́tà méjì ló yọ fún un, ẹ̀kẹta ò yọ. A jọ padà lọ Ìbàdàn lọ́jọ́ kejì. Àlàó kọ gbogbo ẹ̀ fún un. Èmi ni mo ní kó fi kún un pé kó má gbé dísíkẹ́ẹ̀tì lé orí sípíkà. Ọkùnrin náà fèsì pé ó ti ṣí. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ tí tiwa ṣí lọ.

Àlàó ti lọ báyìí, ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ lọ. Kọ̀ǹpútà olórí màlúù yẹn wà ní ẹ̀yìnkùlé, adìẹ ń yé sínú àpótí ẹ̀. Ìwé ìyá mi wà lọ́wọ́ Àdùkẹ́. Kò sẹ́ni tó ń ṣe àáró lọ́nà Ìkòyí mọ́, ẹni tó bá lóko á wá lébìrà. Íńtánẹ́ẹ̀tì ti wà nínú àpò gbogbo èèyàn, kò sẹ́ni tó ń wọ mọ́tò lọ wo ìdáhùn. Ohun tí Àdùkẹ́ ń tún ṣe láàárọ̀ yìí, Línúùsì náà ni, ẹnì kan tí kò mọ̀ rí ló sì júwe ẹ̀ fún un, mi ò tíì mu ògì mi dé ìdajì.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dáwọ́ dúró báyìí. Ó ní ẹnì kan ń béèrè nǹkan níbẹ̀, pé òun mọ ìdáhùn ẹ̀. "Bàbá, ṣé kí n parí tiyín ná?"

Mo ní kó fi tèmi sílẹ̀. Oko ló yọ yẹn.

Ó ti ń tẹ̀ ẹ́ lọ wàràwàrà. Mo ní, "Kí i ná."

"Bàbá, wọn kì í kí ara wọn níbí yìí o."

"Ìwọ kí i. Béèrè ilé."

Ó rẹ́rìn-ín, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, ó tẹ̀ ẹ́. Àwa méjèèjì wá jókòó, à ń retí láti gbọ́ bí ilé ẹni náà ṣe wà.