Bátìrì Iwájú, Bátìrì Ẹ̀yìn

Kẹ̀kẹ́ tí mò ń gùn báyìí kò ní waya jíà. Lórí kẹ̀kẹ́ tí mo gùn nígbà tí mo ṣì lágbára, waya ni mo fi ń yí jíà: mo máa fa irin kan lọ́wọ́, waya á sì ti ṣéènì láti orí irin eléyín kan bọ́ sórí òmíràn. Lórí èyí, bọ́tìnì ni mò ń tẹ̀. Mọ́tò kékeré kan wà lẹ́yìn, nídìí táyà. Òmíràn wà níwájú, lókè pẹ́dàlì. Bí mo bá ti tẹ bọ́tìnì, mọ́tò á dún fíìn, ṣéènì á sì ti dé ibi tí mo rán an. Bátìrì kọ̀ọ̀kan ló ń bọ́ wọn. Àwọn bátìrì náà kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ, wọ́n sì jọra débi pé tí mo bá yọ àwọn méjèèjì sórí tábìlì, mi ò ní mọ èyí tó wà níwájú.

Ọmọ mi tó ń gbé ní Ìlú Ọba ló ni kẹ̀kẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tó ń bọ̀ wá sin ìyá rẹ̀, ó tú u sínú páálí, ó gbé e wọ bàálù, ó sì tò ó pa dà ní pálọ̀ wa ní Ìgbó-Ọrà lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, nígbà tí àwọn àlejò ṣì ń jẹun. Kò sọ ìdí, mi ò sì bi í. Ó mọ̀ pé bí mi ò bá rí nǹkan gùn, orí àga ni n óò máa jókòó sí. Èkejì rẹ̀, tó ń gbé Èkó, dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ gbera, ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì yìí, ẹ ò ní pa mí."

Ìbejì ni wọ́n. Lọ́dọ̀ wa, ìyẹn kì í ṣe ìròyìn. Bí ẹnì kan bá pe Bàbá Ìbejì ní òpópónà wa, ọkùnrin mẹ́rin ló máa yíjú pa dà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Tíṣà.

Ti Èkó yìí ló fẹ́ kí n kó wá sọ́dọ̀ òun, ẹ̀sùn tó sì ń kà sí mi lẹ́sẹ̀ ni ti iná. Ìyàwó mi ló ń bójú tó gbogbo ohun tó ń mu iná nílé wa: fóònù, rédíò, àtùpà oníbátìrì, tọ́ọ̀ṣì tí mo fi ń kàwé. Iná àdúgbò wa dà bí àlejò tí kò ní jókòó. Bó bá ti dé, ìyàwó mi á fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀, kí n tó pa ìwé mi dé, gbogbo nǹkan ti wà lẹ́nu iná. Lẹ́yìn tí ìyàwó mi lọ, fóònù mi ń kú lọ́jọ́ mẹ́rin nínú ọ̀sẹ̀. Ọmọ mi á pè títí láti Èkó, kò ní rí mi. Lọ́jọ́ kan, ó pe ọlọ́kadà kan ládùúgbò wa pé kó jọ̀ọ́ kó lọ wò ó bóyá bàbá òun ṣì wà láàyè. Ọlọ́kadà náà bá mi níbi tí mo ti ń bó ẹ̀gúsí. Ó kí mi, ó yẹ̀ mí wò dáadáa, ó tẹ fóònù, ó ní, "Àǹtí, wọ́n wà láàyè o. Ẹ̀gúsí ni wọ́n ń bó."

Nígbà tí ọdún kan ń pé lọ, a fẹnu kò pé ilé ìyá ìyàwó mi ní Ẹ̀rúwà ni a ó ti ṣe àdúrà ìrántí. Àwọn ọmọ méjèèjì máa wá. Mo ní kẹ̀kẹ́ ni n óò gbé lọ. Ti Ìlú Ọba dùn sí i. Ti Èkó gé e fún mi lórí fóònù bí adájọ́: "Dádì, tí ẹ bá gun kẹ̀kẹ́ yẹn dé Ẹ̀rúwà, tí ẹnikẹ́ni ò gbé yín, n ò ní dárúkọ Èkó sí yín mọ́. Ṣùgbọ́n tí ọ̀kadà bá gbé yín dé, ẹ lọ di ẹrù yín."

Mo ní mo gbà. Mi ò fẹ́ kúrò nílé yẹn. Àga ìyàwó mi wà níbẹ̀.

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ pé físíìsì ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ iléèwé títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo ti ya bátìrì sójú pátákó ju bí mo ti ya ohunkóhun lọ. Ọmọ mi ti Ìlú Ọba sì ti ṣàlàyé kó tó pa dà: bátìrì kan tó bá kún dáadáa á gbé e fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wákàtí kan péré ló ń gbà kó tó kún, ẹyọ kan ni ṣájà ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Bí mo bá fẹ́ mọ bí bátìrì ṣe wà, kí n tẹ bọ́tìnì, iná kékeré á tàn: àwọ̀ ewé dára, pupa kò dára. Níbi tó ń gbé, ó ní òun kì í tiẹ̀ rántí pé bátìrì wà lára kẹ̀kẹ́.

Níbi tí mò ń gbé ńkọ́? Iná á dé fún ogún ìṣẹ́jú. Ta ni kí n fún? Ẹnikẹ́ni tó bá ti tọ́ ìbejì mọ̀ pé ohun tí a bá ṣe fún ọ̀kan ni à á ṣe fún èkejì. Mo ti fi abẹ gé ìwé olójú-ewé ọgọ́ta sí méjì rí nítorí pé ẹyọ kan ló kù ní ṣọ́ọ̀bù. Nítorí náà, bí iná bá dé, mo máa ń fi bátìrì iwájú sẹ́nu iná fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo sì máa ń fi ti ẹ̀yìn síbẹ̀ fún mẹ́wàá. Mo máa ń wo aago sí i. Bẹ́ẹ̀, mọ́tò ẹ̀yìn ló ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ títí mo fi délé. Ti iwájú, àfi bí mo bá kan òkè ńlá. Iná ti iwájú kì í kúrò ní àwọ̀ ewé. Ti ẹ̀yìn ń pọ́n. Èmi ṣáà ń pín in dọ́gba.

Nígbà tó ku ọ̀la, iná ti lọ fún ọjọ́ mẹ́rin. Mo kó àwọn bátìrì lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fi jẹnẹrétọ̀ gba iná sí fóònù ní oríta. Obìnrin tó ni ín bí ìbejì lẹ́ẹ̀mejì. Ó gba bátìrì lọ́wọ́ mi, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó bi mí èwo ló ń ṣiṣẹ́ jù. Mo ní ti ẹ̀yìn ni. Ó ní ṣé kí òun kọ́kọ́ fún un yó. Mo wò ó, òun náà wò mí.

"Ẹ má dáhùn, Tíṣà," ló ní. "Èmi náà ò lè ṣe é. Ìdajì, ìdajì."

Kò tó ìdajì. Bẹntiróòlù tán nínú jẹnẹrétọ̀ nígbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìṣẹ́jú méje. Mo dúpẹ́ pé a kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, mo kó wọn lọ sílé.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì tutù, ojú ọ̀nà mọ́. Mo jáde pẹ̀lú fìlà ike tí ọmọ mi kó mọ́ kẹ̀kẹ́. Ojú ń tì mí díẹ̀ láti sọ bí mo ṣe lo jíà lọ́jọ́ yẹn. Bí mo bá ti rí àwọn tó ń sá ẹ̀gẹ́ lẹ́bàá títì, mo máa tẹ bọ́tìnì kí wọ́n lè gbọ́ ọ. Àwọn obìnrin kan nílé gàrí ní kí n dúró kí n tún un ṣe, mo tún un ṣe nígbà mẹ́fà. Ọ̀kan ní kẹ̀kẹ́ náà ń sunkún bí ẹ̀fọn. Inú mi dùn. Mo rántí pé mo rò ó nínú mi pé, ìyàwó mi ì bá ti rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí n dé Ẹ̀rúwà, òkè kan bẹ̀rẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnì. Kò sí fíìn. Mo tún un tẹ̀. Iná tó wà lẹ́yìn pọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Ṣéènì sì wà lórí eyín tó kéré jù, èyí tí a fi ń sáré lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Kẹ̀kẹ́ kò bàjẹ́, ó ṣì ń lọ, ṣùgbọ́n orí jíà kan yẹn náà ló wà, jíà náà sì le bí ìgbà tí èèyàn ń fi ẹsẹ̀ ti ògiri. Mo ti pẹ́dàlì ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Orúnkún mi ní kò ṣeé ṣe. Mo bọ́ sílẹ̀.

Ọlọ́kadà kan tó ń bọ̀ láti oko dẹ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó kí mi kú ìrìn, ó ní kí n gun ẹ̀yìn òun, kí n gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ èjìká, pé ilé tí mò ń lọ kò jìnnà mọ́. Òótọ́ ló sọ. Mo wo ẹ̀yìn ọ̀kadà náà, mo rí Èkó níbẹ̀: yàrá kékeré tí ọmọ mi ti kùn sílẹ̀ dè mí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó máa lọ. Ó ní, "Bàbá, ta lẹ ń ṣe agídí yìí fún?" Mo ní ọmọ mi ni. Ó ní ọmọ náà kò ṣeun, ó sì lọ.

Mo jókòó sábẹ́ igi káṣú kan. Mo rò ó pé tó bá jẹ́ ìyàwó mi ló ń gba iná sí wọn ni, èyí kò ní ṣẹlẹ̀. Ibi tí mo ti ń rò bẹ́ẹ̀ ni mo ti rántí ọ̀rọ̀ ẹran.

Ọdún tí àwọn ọmọ fẹ́ ṣe ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ girama ni. Ti Ìlú Ọba ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí àìsàn ibà, ó rù, ìdánwò sì di ọ̀la. Ẹran méjì ló wà nínú ọbẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ìyá wọn kó méjèèjì sínú àwo ti Ìlú Ọba. Ti Èkó bú sẹ́kún, ó ní ṣebí ohun tí a bá ṣe fún ọ̀kan ni à á ṣe fún èkejì. Ìyá wọn kò gbé orí sókè nídìí ìkòkò.

"Ẹni tó ru ẹrù ni à á bu omi fún," ló ní. "Bó bá kàn ọ́, wàá rí i."

Èmi ni mo yọ́ ẹran tèmi sínú àwo ti Èkó. Àṣé láti ọjọ́ náà wá, èmi ni mò ń pín nǹkan dọ́gba nínú ilé yẹn. Ìyá wọn kò pín in bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tó bá nílò ló ń wò.

Mo dìde. Mo yọ òkú bátìrì kúrò lẹ́yìn, mo fi sínú àpò ẹ̀wù mi. Mo yọ ti iwájú, tó yó bí ọmọ olówó, mo tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn. Ó wọlé wẹ́kú. Mo tẹ bọ́tìnì: fíìn. Mọ́tò iwájú ti dákẹ́ o, ṣùgbọ́n ti ẹ̀yìn gbé ṣéènì gun eyín ńlá, ó tó mi gun òkè. Mo gun òkè náà díẹ̀díẹ̀, mo ń mí bí ẹwìrì, mo sì dé.

Àwọn ọmọ ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ìyá wọn àgbà. Ti Ìlú Ọba pàtẹ́wọ́. Ti Èkó rọra yí kẹ̀kẹ́ po bí ẹni tó fẹ́ rà á, ó sì nàka sí ibi tó ṣófo níwájú. Ó ní bátìrì ibí yìí dà. Mi ò purọ́. Mo mú òkú bátìrì jáde nínú àpò, mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ti jẹnẹrétọ̀ àti ìṣẹ́jú méje-méje, àti ọlọ́kadà tí mo dá pa dà. Ti Ìlú Ọba fi ọwọ́ bojú, ó ní ṣebí òun sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ tí òun to kẹ̀kẹ́ náà pé a lè fi ọ̀kan dípò èkejì. Ó ṣeé ṣe kó ti sọ ọ́. Ọjọ́ kejì ìsìnkú ni. N kò gbọ́ nǹkan púpọ̀ lọ́jọ́ náà.

Mo wá sọ ti ẹran. Ti Èkó fọwọ́ kúrò lára kẹ̀kẹ́.

"Mo rántí," ló ní. "Mo sunkún títí. Ẹ fún mi ní tiyín."

Ìyá ìyàwó mi, tí gbogbo wa rò pé kò gbọ́, mú ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀. Ó ní ọ̀dọ̀ òun ni ọmọ òun ti kọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ dé lẹ́yìn àdúrà, òun fúnra rẹ̀ ló bù fún mi, ẹran méjì.

Kò sí iná ní Ẹ̀rúwà náà, ìrìn àbọ̀ sì ń dúró dè mí. Nígbà tó di ọ̀sán, mi ò rí ti Èkó mọ́. Inú ọkọ̀ rẹ̀ ni mo ti bá a, ó tan ẹ́ńjìnì sílẹ̀, ó ti ki ṣájà tí mo gbé wá bọ ibi tó fi ń gba iná sí fóònù, ó gbé bátìrì ẹ̀yìn tó ti kú lé itan, ó ń ṣọ́ iná kékeré rẹ̀ bí ẹni tó ń ṣọ́ wàrà lórí iná. Ó ti pé wákàtí kan dáadáa. Nígbà tó di àwọ̀ ewé, ó yọ ọ́, ó nà án sí mi láti ojú fèrèsé.

"Ẹ gbà, ẹ máa lọ sí Ìgbó-Ọrà yín," ló ní. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ lé ṣájà. "Èkejì ńkọ́?"

Mo ní kó jẹ́ kó sinmi.